Ariwo Tó Dákẹ́

Ẹni tó bá sọ pé ariwo kì í dùn, ẹ bi í léèrè bóyá ó ṣe ọmọ ogún ọdún rí. Obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ṣe é. Ó gbádùn ariwo débi pé títí di òní, bí ìró gìtá oníná bá ta sí i létí láti inú ọkọ̀ tó ń kọjá lọ, yóò dúró sójú kan bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀.

Nígbà èwe rẹ̀, orin rọ́ọ̀kì kan gbòde láàárín àwọn ọ̀dọ́. Kì í ṣe rọ́ọ̀kì àwọn olówó tó ń wọ aṣọ dídán lórí tẹlifíṣọ̀n. Èyí tí wọ́n ń pè ní àlítánátífù ni: àwọn ọmọkùnrin tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ti ṣá, tí irun bo ojú wọn, tí wọ́n ń ta gìtá bí ẹni tó ń bá a jà, tí olórin wọn á sì máa ráhùn sínú makirofóònù bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ òun. Àwọn àgbà ní èyí kì í ṣe orin. Àwọn ọmọ ní ohun tó wà nínú àwọn nìyẹn, tí ẹnu àwọn ò lè sọ.

Gbọ̀ngán kan wà lẹ́yìn ilé ìtajà bàtà tí wọ́n ti ń ṣe é ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ògiri rẹ̀ dúdú, ilẹ̀ rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀, ooru ibẹ̀ sì lè se ẹyin. Ẹgbẹ́ tí obìnrin yìí ń tìtorí rẹ̀ lọ ń jẹ́ Òrùlé Páànù. Ẹni tó ń ta gìtá fún wọn ga, ó tín-ín-rín. Lọ́sàn-án, ó ń bá ọ̀gá kan wé wáyà sínú mọ́tò fáànù àti ti ẹ̀rọ ìfọṣọ tó bá jóná. Nítorí iṣẹ́ yìí àti nítorí ara rẹ̀, Wáyà ni gbogbo èèyàn ń pè é.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, obìnrin náà fò sókè, awò ojú rẹ̀ fò jù ú lọ. Ó já sórí pèpéle, Wáyà sì fi bàtà rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fọ́, kò tilẹ̀ mọ̀. Obìnrin náà táràrà dé ilé lọ́jọ́ yẹn.

Ní ọjọ́ Ajé, ó wà níbi iṣẹ́ rẹ̀, ilé ìtajà awò ojú, níbi tó ti ń lọ gíláàsì kó lè bá férémù mu. Awò àtijọ́ kan tí wọ́n fi bándéèjì so létí ló wà lójú rẹ̀. Wáyà wọlé, ó gbé nǹkan kan tó wé sínú bébà ka orí káńtà.

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo tẹ awò ẹnì kan mọ́lẹ̀, mi ò sì mọ ẹni náà. Ẹ bá mi tún un ṣe, kí n máa mú un lọ síbi tá a ti ń ṣeré títí olówó ẹ̀ á fi jáde.”

“Báwo lẹ ṣe máa mọ olówó ẹ̀?”

“Ẹni tó bá ń forí gbá ògiri ni.”

Obìnrin náà wo férémù tó ti ká kò náà, ó wo ọmọkùnrin náà. “Èmi ni mo ń forí gbá ògiri,” ó ní.

Láti ọjọ́ náà ni Wáyà ti ń pè é ní Awò.

Ìfẹ́ wọn kò pẹ́ kó tó rinlẹ̀. Bó bá ti parí iṣẹ́, Awò á lọ sí gáréèjì tí ẹgbẹ́ náà ti ń dánra wò, á jókòó lórí bókẹ́ẹ̀tì ọ̀dà tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Bí Wáyà bá fọwọ́ kan okùn gìtá, nǹkan kan á já nínú Awò, á wá dà bíi pé gbogbo ohun tó ti gbé mì láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ni ẹlòmíràn ń bá a pọ̀ jáde. Kì í sunkún nílé, nítorí bàbá rẹ̀ kò fẹ́ràn ẹkún. Inú gáréèjì ló ti ń sunkún, ariwo sì bò ó mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́. Wáyà nìkan ló máa ń rí i, nítorí bó bá ń ta gìtá, kì í wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Bàbá Awò ti wa ọkọ̀ ojú irin títí ó fi fẹ̀yìn tì. Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti gbọ́ tó. Nígbà tí Awò sọ irú ẹni tí òun ń fẹ́, ó pa tẹlifíṣọ̀n.

“Ogójì ọdún ni mo fi gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnì, wọ́n sì ń sanwó fún mi. Èwo ni ti ẹni tó ń pariwo lọ́fẹ̀ẹ́?”

“Bàbá, ó níṣẹ́ lọ́wọ́.”

“Iṣẹ́ tí irun bò lójú. Ṣé ó tilẹ̀ ń rí mọ́tò tó ń tún ṣe?”

Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ló dá sí ọ̀rọ̀ náà. Agbẹ̀bí ni, òun ló tọ́ Awò dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, Àǹtí Agbẹ̀bí sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Obìnrin tí kì í bẹ̀rù ọkùnrin kankan ni, nítorí ó máa ń ní gbogbo wọn ni òun mọ bí wọ́n ṣe wáyé. Ó lọ wo Wáyà níbi iṣẹ́, ó jókòó tì í títí ó fi wé mọ́tò kan parí, ó padà wálé.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó sọ fún bàbá Awò, “ọwọ́ ọmọ yẹn tutù. Ẹni tó bá lè fi sùúrù ka wáyà ní ẹgbẹ̀rún ìgbà tí kò ṣépè, ó lè fi sùúrù bá obìnrin gbé. Ẹ jẹ́ kó wá.”

Bàbá rò ó fún bí oṣù kan. Ó wá ní kí ọmọkùnrin náà wá.

Lọ́jọ́ tó wá, Wáyà ti fi omi lẹ irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀. Bàbá kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

“Mi ò kórìíra rẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní nìyí. Gbé gìtá yẹn sílẹ̀, gé irun rẹ, wá iṣẹ́ tó lórí tó nídìí. Bí o bá ṣe é, ọmọ mi di tìrẹ.”

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni Awò wà. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú àdúrà tí Àǹtí Agbẹ̀bí ń gbà lórí àga. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí Wáyà kọ̀. Ó ti rí i lójú ọkàn: Wáyà á dìde, á ní òun kò lè ṣe é, òun Awò á jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wọ́n á jọ lọ, kódà bó jẹ́ pé bókẹ́ẹ̀tì ọ̀dà ni àga tí wọ́n máa kọ́kọ́ ní.

“Ó ti tán, Bàbá,” ni Wáyà wí. Kò mí kanlẹ̀ kó tó sọ ọ́.

Àǹtí Agbẹ̀bí pàtẹ́wọ́. Bàbá na ọwọ́, ó gbé ọmọkùnrin náà dìde. Ara Awò sì tutù láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Ohun tí Wáyà sọ ló ṣe. Ó fa gìtá náà lé ẹni tó ń ta gìtá béèsì nínú ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́. Ó gé irun rẹ̀, etí rẹ̀ méjèèjì yọ síta bí ọwọ́ ife. Ilé iṣẹ́ kan tó ń bójú tó líìfùtì inú àwọn ilé alájà gíga gbà á, wọ́n fún un ní aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ eérú, ó sì ń fi bírò sí àpò àyà. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, pálọ̀ ni wọ́n ń jókòó sí. Òun àti Bàbá á máa sọ̀rọ̀ bíréèkì ọkọ̀ ojú irin àti bíréèkì líìfùtì, èyí tó lágbára jù. Bàbá tó jẹ́ pé gbólóhùn mẹ́ta ló ń sọ lójúmọ́ tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń pa ọmọkùnrin náà lẹ́rìn-ín.

Awò ń wò wọ́n. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé Wáyà ń fi ìbànújẹ́ pamọ́ nítorí òun. Ó ń wá ìbànújẹ́ náà lójú rẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn.

“Ṣé kì í ṣe ọ́ bákan?” ó bi í ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

“Kí ni?”

“Gìtá.”

Wáyà rẹ́rìn-ín. “Gìtá kẹ̀? Àlá ilé tá a máa gbé ni mo ń lá. Yàrá méjì, kí fèrèsé ẹ̀ kọjú sí ìlà oòrùn.”

Ó ti ẹnu Awò jáde pé ilé náà dára. Ṣùgbọ́n nínú rẹ̀, ó ń bi ara rẹ̀ léèrè: ta ni ẹni tó jókòó tì mí yìí? Ẹni tó ń bá mi pọ̀ ohun tó wà nínú mi jáde ńkọ́, ṣé mo kàn fojú inú rí i ni? Bó bá lè gbé èyí tó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láì mí kanlẹ̀, kí ni kò lè gbé sílẹ̀?

Ó lọ bá Àǹtí Agbẹ̀bí.

“Àǹtí, ẹ̀rù ń bà mí.”

“Ẹ̀rù ìgbéyàwó ni. Ó ń ba gbogbo èèyàn.”

“Kì í ṣe ìyẹn. Ó ti yí padà.”

“Àwa náà la ní kó yí padà, ó yí, o tún ń ṣàròyé. Ìwọ ọmọ yìí, ọkọ gbọ́ ọ̀rọ̀ sí ẹ lẹ́nu, o ń wá èyí tó ń dí ẹ létí. Lọ sùn.”

Kò sùn. Aṣọ ìgbéyàwó ti wà lọ́dọ̀ aránṣọ, ó ku kí wọ́n rán bọ́tìnnì rẹ̀, nígbà tí Awò lọ dúró de Wáyà níwájú ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ó jáde tòun ti àpótí irinṣẹ́ lọ́wọ́, inú rẹ̀ dùn láti rí i. Ìyẹn ló mú ọ̀rọ̀ náà ṣòro jù.

“Mi ò lè ṣe é,” ni Awò wí.

“Kí ni o ò lè ṣe?”

“Ìgbéyàwó náà.”

Wáyà gbé àpótí sílẹ̀. “Kí ni mo ṣe?”

“O ò ṣe nǹkan kan.”

“Kí wá ni mi ò ṣe? Sọ ọ́, màá ṣe é.”

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà rí, kò sì sí bí Awò ṣe máa sọ ọ́. Ẹnu wo ni obìnrin fi ń sọ fún ọkùnrin pé ìgbà tí ò ń dí mi létí ni mo fẹ́ràn rẹ jù? Ó ń retí kó pariwo mọ́ òun. Bó bá pariwo, bóyá gbogbo rẹ̀ á padà. Wáyà kò pariwo. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó ní, “Máa rọra lọ, ọ̀nà ń yọ̀,” ó sì gba ọ̀nà ibùdókọ̀ lọ. Òjò ti rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà lóòótọ́.

Bàbá kò bá Awò sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbà tó máa sọ ọ́, gbólóhùn kan ni. “Ọmọ ọlọ́mọ ṣe gbogbo ohun tí mo ní kó ṣe. Ìwọ tí mo bí ló dójú tì mí.”

Ọdún ń gorí ọdún. Orin náà kú bí àṣà ṣe máa ń kú. Àwọn ẹgbẹ́ tú ká, ẹni tó ń ta béèsì fún Òrùlé Páànù di dókítà eyín. Àǹtí Agbẹ̀bí mú oríṣiríṣi ọkùnrin wá: oníṣirò owó kan, olùkọ́ kan, ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú tó mọ àwàdà gan-an. Awò á bá wọn jẹun, á rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ, á padà sílé. Ọ̀gá rẹ̀ fẹ̀yìn tì, Awò sì ra ilé ìtajà awò ojú náà. Bàbá dàgbà, ara rẹ̀ kò le mọ́, inú rẹ̀ sì rọ̀. Lọ́jọ́ kan tí Awò ń gé èékánná fún un, ó ní, “Ọmọ yẹn. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti jẹ́ kó máa pariwo ẹ̀.” Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi kú.

Ọ̀rọ̀ náà dúró sí Awò láyà. Ó wá dá a lójú pé gìtá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Wáyà ló ba ayé àwọn méjèèjì jẹ́, pé òun gbọ́ nígbà tí wọ́n ń gbà á, òun kò jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Orin náà sì tún jí. Rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e, wọ́n ń pè é ní orin ayé àtijọ́. Ọmọbìnrin kan bá ìyá rẹ̀ wá ra awò. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ sọ di àkísà, ó ń kùn ọ̀kan nínú àwọn orin ìgbà náà lẹ́nu. Awò bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n lọ, ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó tan ẹ̀rọ tó fi ń lọ gíláàsì, tí kò sí gíláàsì kankan lórí rẹ̀, ó sì sunkún títí.

Ọdún kejì rẹ̀ ni wọ́n ní àwọn máa wó gbọ̀ngán ẹ̀yìn ilé ìtajà bàtà, pé wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Àwọn ẹgbẹ́ tó ti ṣeré níbẹ̀ rí á wá ṣe eré ìkẹyìn ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan. Dókítà eyín fóònù Awò.

“Wáyà ń bọ̀ o,” ó ní.

Awò sọ fún ara rẹ̀ pé òun ń lọ tọrọ àforíjì ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló pààrọ̀ aṣọ.

Gbọ̀ngán náà kéré sí bó ṣe rí lójú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń fò nígbà náà ń di ẹ̀yìn mú báyìí. Ó rí Wáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, òun àti obìnrin kan tó bá a gbé jákẹ́ẹ̀tì dání. Wáyà ti sanra. Wáyà ti di okùn ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ń pè é láti orí pèpéle pé kó wá ta gìtá, ó ń juwọ́ sí wọn pé rárá. Bó ṣe rí Awò, ó sọ̀rọ̀ sí obìnrin náà létí, ó wá bá a lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

“Awò.”

“Wáyà.”

“Kò sẹ́ni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀gá ni wọ́n ń pè mí.” Ó bojú wolẹ̀. “Mo gbọ́ nípa Bàbá. Èèyàn mi ni.”

“Wáyà, ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá. Jẹ́ kí n sọ ọ́ kí àyà mi tó já.” Ó ti kọ́ ọ sórí, síbẹ̀ gbogbo rẹ̀ dàrú. “Bàbá mi ló ní kó o gbé gìtá sílẹ̀. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mi ò sọ pé rárá. Nígbà tó o gbé e sílẹ̀ tán, èmi náà tún fi ọ́ sílẹ̀. Gìtá yẹn ni. Ká ní o ò gbé e sílẹ̀, ǹ bá má lọ. Mo ní kó o dárí jì mí.”

Wáyà gbójú sókè wò ó.

“Ohun tó fà á nìyẹn? Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo rò pé o rí ẹlòmíràn ni.”

“Mi ò rí ẹnì kankan.”

Ó mí kanlẹ̀. “Awò, gbọ́. Mi ò fẹ́ràn orin yẹn. Kó o tó máa wá, wọ́n ti fẹ́ lé mi kúrò nínú ẹgbẹ́; mi kì í lọ dánra wò, ó ń sú mi. Ìwọ lo fẹ́ràn orin. Èmi, ìwọ ni mo fẹ́ràn. Bí mo bá ti rí ọ lórí bókẹ́ẹ̀tì yẹn, tí omi ń bọ́ lójú rẹ, ọwọ́ mi á kàn máa lọ fúnra ẹ̀, mi ò ní mọ ohun tó ń ṣe. Nígbà tí Bàbá ní kí n gbé e sílẹ̀, kò dùn mí rárá. Mo ti rí ọ gbà, kí ni mo tún fẹ́ fi gìtá ṣe?”

Awò gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà kò le, kò sì yára, ṣùgbọ́n ó ń wọlé lọ sí ibi tí kò sí ohun tó ti wọ̀ rí. Ohun tó gbọ́ nínú gìtá ní gbogbo ọjọ́ náà, tó ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ láti ìgbà èwe títí irun fi ń funfun, òun náà ló dúró níwájú ilé iṣẹ́ tòun ti àpótí irinṣẹ́, tó ní kó sọ ohun tó kù, òun á ṣe é. Ó lé ẹni náà lọ, ó jókòó ti òjìji rẹ̀.

“Ṣé inú rẹ dùn báyìí?” ó bi í.

“Inú mi dùn. Ìyàwó mi dáa.”

“Ó dáa. Ó dáa bẹ́ẹ̀.”

Orin dákẹ́ lójijì. Ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá síta ti kú, àwọn èèyàn ń hó. Dókítà eyín ń pariwo pé níbo ni Wáyà wà. Wáyà fa irinṣẹ́ kékeré kan jáde lápò, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Iṣẹ́ ti dé,” ó ní, ó sì sáré lọ.

Ìyàwó rẹ̀ ló wá dúró síbi tó ti kúrò. Ojú rẹ̀ tutù, kò lè ju ọgbọ̀n ọdún àti díẹ̀ lọ.

“Ẹ kú ìrìn o, mà. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n nígbà yẹn?”

“Mo mọ̀ ọ́n.”

Obìnrin náà ká jákẹ́ẹ̀tì náà mọ́ra. “Mi ò mọ̀ pé ó ta gìtá rí, àfi ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí wọ́n fóònù ẹ̀. Ó ti pẹ́ tá a ti jọ wà, mà, kò sọ ọ́ rí. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wojú ẹ̀. Mo ń rò ó pé èèyàn kì í fi ohun tí kò dùn ún pamọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ó mọ̀ ọ́n ta? Ṣé ohun ńlá ló fi sílẹ̀?”

Awò rí i bó ṣe rí nígbà náà: irun tó bo ojú, ọwọ́ tó ń lọ fúnra rẹ̀, ojú tí kò kúrò lára òun. Ó kún ẹnu rẹ̀. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnì kan rí láyé, ẹni tó sì ń bi í yìí ṣetán láti gbọ́ ọ.

“Rárá o,” ni Awò wí. “Ẹ má da ara yín láàmú. Ọmọdé ló ń ṣe gbogbo wa. Òun gan-an kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ó kàn ń gbé e kọ́rùn ni.”

Obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó di Awò lọ́wọ́ mú. “Ẹ ṣé, mà. Ọlọ́run mọ̀, ẹ ti gbé nǹkan kúrò lórí mi.”

Wáyà rí ohun tó já nínú ẹ̀rọ náà so. Gìtá bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ògiri mì, gbogbo èèyàn hó, ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ó ń rẹ́rìn-ín sí i lọ́nà jíjìn. Awò ti ilẹ̀kùn, ó jáde. Oòrùn ṣì ń ràn níta. Ó ń rìn, ìró náà ń tẹ̀ lé e kọjá ilé ìtajà bàtà, kọjá ibùdókọ̀, ó ń rìn títí ó fi tán létí rẹ̀ pátápátá. Ìgbà náà ló tó dúró, nítorí kò mọ ibi tó ń lọ.